Ìgò ọtí àtijọ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Libreville: ẹni tó bá wú u láìkọ ìtàn rẹ̀, ẹlẹ́rìí ló pa lẹ́nu mọ́

Bí ènìyàn bá gbọ́ pé ẹni tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó nílé lórí, tó sì lọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, máa ń jí ní òwúrọ̀ Sátidé, tí yóò gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, tí yóò sì lọ máa wa ààtàn tí àwọn ará àtijọ́ fi sílẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n tètè wá ẹni tọ́jú orí olúwarẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ jọjọ, pàápàá láti àwọn ọdún 1960 tí àṣà náà ti gbilẹ̀. Ìgò ni wọ́n ń wá. Kì í ṣe ìgò tí wọ́n fẹ́ rọ epo sí o. Ìgò tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ ilẹ̀ ni: ìgò ọtí, ìgò oògùn, ìgò omi ẹlẹ́rìndòdò, ìgò yíǹkì. Wọ́n á wú u, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ ní pálọ̀, wọ́n á sì máa wò ó bí ẹni ń wo ìlẹ̀kẹ̀ iyùn.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí etí òkun tiwa, nítorí pé ilẹ̀ tiwa náà gbé ìgò mì. Ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ̀n, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá láti Nàìjíríà àti láti ilẹ̀ Benin ti ń ṣòwò, àdúgbò kan wà létí omi tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Glass. Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta dígí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọba àwọn Mpongwe kan ló ni orúkọ náà, òun ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní King Glass. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ibi tí a ti lè fi ìgò ọtí kan ka ìtàn bí Òyìnbó ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá ọmọ Áfíríkà, a ò lè rí ibi tó dára ju Glass lọ.

Ohun tí ìwé yìí fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìgò àtijọ́ kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán, ẹlẹ́rìí ni. Ẹlẹ́rìí tí a bá sì fà tu kúrò níbi tó dúró sí, tí a kò kọ ohun tó rí sílẹ̀, odi ni a sọ ọ́ dà.

ỌTÍ WÀ NÍBẸ̀ NÍGBÀ TÍ WỌ́N Ń GBA ILẸ̀

Ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 1839, Bouët-Willaumez, ọmọ ogun ojú omi Faransé, bá Ọba Rapontchombo, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Ọba Denis, ṣe àdéhùn lórí ilẹ̀ tó wà ní apá gúúsù ẹnu odò Gàbọ̀n. Ẹ wo ohun tí Faransé kó sílẹ̀ fún ọba: aṣọ, ìbọn, ẹ̀tù, tábà, fìlà funfun, àti àgbá ọtí líle kan. Ohun tí wọ́n fi ṣí ilẹ̀kùn ilẹ̀ tó di odindi orílẹ̀-èdè lónìí nìyẹn. Ní 1842, Ọba Louis, tí ilẹ̀ tirẹ̀ wà ní apá àríwá odò náà, fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀. Nígbà tó di 1843, Faransé ti kọ́ ilé odi tí wọ́n pè ní Fort d'Aumale síbẹ̀.

Ọba Glass kò yá sí i ní tirẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni oníbàárà rẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, tí John Leighton Wilson jẹ́ olórí wọn, sì ti tẹ̀dó sí Baraka lẹ́bàá ìlú rẹ̀ láti 1842. Àfi bó ṣe di oṣù kẹta ọdún 1844 tí Faransé gbé ìwé kan jáde, tí wọ́n ní ọba náà ti fọwọ́ sí i. Igbe ta láàrin ìlú. Àwọn ará Glass ní ọtí ni wọ́n gbé wá fún ọba, pé kò mọ ohun tó wà nínú ìwé tó fọwọ́ tọ́. Wọ́n kọ ẹ̀hónú wọn ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Òyìnbó, ṣùgbọ́n kò tu irun kan lára Faransé. Ní 1845, ọkọ̀ ogun Faransé yin àgbá sí ìlú Glass, ọ̀rọ̀ sì di wẹ́rẹ́.

Ní 1849 ni wọ́n wá kó àwọn ènìyàn 52 tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ Elizia, ọkọ̀ akẹ́rú tí Faransé mú ní 1846, wá dó sí ẹ̀gbẹ́ ilé odi náà. Wọ́n pe ibẹ̀ ní Libreville, èyí tó túmọ̀ sí ìlú òmìnira, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe ní Freetown tí àwọn Sàró wa ti padà wálé. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Bí ìlú ṣe ń dàgbà ni ilé òwò ń pọ̀ sí i. Hatton & Cookson wá láti Liverpool, wọ́n fi Glass ṣe ibùdó. Woermann wá láti Hamburg ní Jámánì. John Holt náà wà níbẹ̀, John Holt kan náà tí àwọn ará Èkó mọ̀ bí ẹní mowó. Àwìn ni wọ́n ń fi ọjà wọn ṣe: wọ́n á kó aṣọ, iyọ̀, ìbọn, tábà àti ọtí fún àwọn Mpongwe, àwọn wọ̀nyẹn á gbé e wọ inú igbó lọ́nà odò, wọ́n á sì fi rọ́bà, eyín erin, igi dúdú àti igi osùn san án. Ìdí nìyí tí ìgò fi wọ ilẹ̀ Gàbọ̀n. Àti Èkó, àti Àgbádárìgì, àti Wídà, àti Kàlàbá, ọ̀nà kan náà ni ìgò gbà dé gbogbo wọn, nígbà mìíràn nínú ọkọ̀ òkun kan ṣoṣo tó ń já ẹrù láti èbúté dé èbúté.

ÌGÒ ONÍGUN MẸ́RIN

Nínú gbogbo ìgò àtijọ́ tí àwọn oníṣòwò fi sílẹ̀ ní etí òkun wa, ọ̀kan wà tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Onígun mẹ́rin ni, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ sì fún, bí ìgbà tí ènìyàn gbé sìgìdì kúkúrú kalẹ̀. Ìgò jíìnì ni. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ kò le rárá: ìgò roboto máa ń fi àyè ṣòfò nínú àpótí, ṣùgbọ́n onígun mẹ́rin á fara ti ara wọn bí ìwé. Méjìlá ni wọ́n sábà máa ń tò sínú àpótí pákó kan. Láti Schiedam, Delfshaven àti Rotterdam ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ti ń wá, èyí tó kéré lówó sì ń wá láti Hamburg.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn máa ń kọ orúkọ wọn sára ìgò. Kì í ṣe bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ara dígí gan-an ni lẹ́tà náà ti hù jáde. Lára àwọn orúkọ tí àwọn tó ń kó ìgò jọ máa ń wá kiri ni J.J. Melchers, J.H. Henkes, àti Blankenheym & Nolet. Ti A. van Hoboken ní Rotterdam ní èdìdì kékeré kan ní èjìká, tí lẹ́tà AVH wà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ní ìgbà náà lè fọwọ́ tọ́ èdìdì yìí kí ó sì mọ̀ pé ojúlówó ni òun rà. Ẹ̀tàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ lọ́jà, àwọn baba wa náà mọ ayédèrú yàtọ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé orúkọ wọ̀nyẹn ti kú. Ṣìnáàpù tí a ń gbé kalẹ̀ níbi ìdáná, tí a fi ń tọ́ ilẹ̀ níbi oyè, tí a ń gbé lọ bá àgbà bí a bá ṣẹ̀ ẹ́, ìran jíìnì Dọ́ọ̀ṣì ni. Dmitri van den Bersselaar kọ odindi ìwé kan lórí rẹ̀ tó jáde ní 2007, ohun tó sì fà yọ níbẹ̀ ni pé ọtí tó wọlé bí ọjà ìgbàlódé ló padà di ohun àṣà ìbílẹ̀. Ohun tí ọmọ ayé òde òní ń pè ní àṣà baba ńlá, inú ọkọ̀ òkun ló ti sọ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ ỌJỌ́ ORÍ ÌGÒ

Ẹni tó bá rí irú ìgò yìí lè bi í ní ọjọ́ orí, yóò sì dáhùn. Kì í fi ẹnu dáhùn, ara rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ dojú ìdí rẹ̀ kọ òkè. Ní àtijọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ dígí gbígbóná láti inú ọ̀pá irin oníhò. Bí ìgò bá ti yọrí, wọ́n á fi ọ̀pá irin mìíràn dì í mú ní ìdí kí wọ́n lè ṣe ètè rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á kàn án kúrò. Ojú ibi tí wọ́n ti kàn án kúrò kì í dán, àpá máa ń wà níbẹ̀. Ìgò tó bá ní àpá yìí sábà máa ń ṣáájú àwọn ọdún 1870.

Ẹ tún wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ sínú àpótí irin tí wọ́n fi ń mọ ìgò, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ á wà níbi tí ẹ̀gbẹ́ àpótí méjèèjì ti pàdé. Bí ìlà náà bá gun ọrùn ìgò, tó wá dúró kí ó tó dé ètè, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló ṣe ètè rẹ̀. Bí ìlà náà bá gba orí ètè kọjá, ẹ̀rọ ló ṣe é látòkè délẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Michael Owens, ní Toledo ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń dá ìgò ṣe fúnra rẹ̀ ní 1903. Nítorí náà, ìgò tí ìlà rẹ̀ dé òkè pátápátá kò lè bá Ọba Glass láyé, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Àwọ̀ náà ní ohun tó ń wí. Irin tó wà nínú yanrìn ló ń sọ dígí di àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọn kò tíì ní agbára àti yọ ọ́ kúrò, ìgò máa ń dúdú bí ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí oòrùn, a ó rí i pé àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀ ni. Dígí funfun mìíràn sì wà tí wọ́n fi èròjà manganese sí, bí oòrùn bá pa á fún ọ̀pọ̀ ọdún, yóò di àwọ̀ àlùkò. Bí ìgò bá sì pẹ́ nínú ilẹ̀ tútù, omi inú ilẹ̀ á máa jẹ ẹ́ lára díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi máa dán bí òṣùmàrè. Ẹlòmíràn á ní ó ti bàjẹ́, ẹni tó mọyì rẹ̀ á ní ibẹ̀ gan-an ni ẹwà wà.

Ìgò kan tún wà tó dùn mọ́ àwọn ọmọdé ìgbà náà nínú. Hiram Codd, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870. Ó fi ọmọ dígí roboto kan sí ọrùn ìgò tí afẹ́fẹ́ inú omi ẹlẹ́rìndòdò á fi tì í dé ẹnu, kò ní lo kọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọdé máa ń fọ́ ìgò náà kí wọ́n lè fi ọmọ dígí yẹn ṣeré. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí odindi rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lónìí.

ÌGÒ KÌ Í SINMI LỌ́WỌ́ WA

Ẹnìkan lè béèrè pé bí ìgò bá wọ ilẹ̀ wa tó báyìí, kí ló dé tí a kò fi rí wọn nílẹ̀ bí òkúta? Ìdáhùn ni pé Òyìnbó ló ń mu ọtí tán tó ń ju ìgò nù. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ tí ọtí bá tán ni iṣẹ́ ìgò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A rọ epo pupa sí i, a rọ òróró sí i, a rọ epo òyìnbó sí i, a rọ àgbo sí i, a kó ẹ̀pà sí i. Ìgò di òṣùwọ̀n lọ́jà. Àwọn ìyá wa kan wà tó jẹ́ pé ìgò ni wọ́n ń rà kiri tí wọ́n fi tọ́ ọmọ yanjú.

Èyí tó bá fọ́ pàápàá kò bọ́. Ní Bídà, àwọn Masaga, ìdílé oníṣẹ́ dígí nílẹ̀ Nupe, máa ń yọ́ ìgò nínú iná ẹwìrì, wọ́n á sì fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ní ilẹ̀ Krobo ní Gánà, wọ́n á gún àfọ́kù ìgò lúbúlúbú, wọ́n á dà á sínú ohun amọ̀, wọ́n á fi igi ewé ẹ̀gẹ́ sí àárín rẹ̀. Bí iná bá jó o, igi náà á jóná, ihò okùn á sì kù. Obìnrin tó fi irú ìlẹ̀kẹ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́rùn lè má mọ̀ pé ìgò ọtí bíà ni òun fi ṣe ẹ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ìgò àtijọ́ tó bá ṣì wà lódindi lábẹ́ ilẹ̀ etí òkun wa, ó nídìí tó fi wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ààtàn ilé òwò Òyìnbó ló bọ́ sí. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ló dìídì gbé e síbẹ̀, ní ojúbọ tàbí ní ojú oórì. Ó sì lè jẹ́ pé jàǹbá ló dé bá ilé tó wà, tí ẹnikẹ́ni kò padà wá wá a. Gbogbo ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìtàn nínú.

ÌJÀ TÍ ỌTÍ DÁ SÍLẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni ìgò jíìnì lójú àwọn baba wa. Ní gúúsù Nàìjíríà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di owó. Wọ́n ń fi àpótí jíìnì pa mọ́ bí ẹni fowó pa mọ́, wọ́n ń fi san owó ìtanràn, wọ́n ń fi fẹ́ ìyàwó. Ìjọba amúnisìn náà kò kọ̀ ọ́, nítorí pé kí ogun 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ọtí ló tóbi jù nínú owó tó ń wọlé ní èbúté. Ojú irin àti ọ̀nà tí Òyìnbó fi ń yangàn, ọ̀pọ̀ nínú owó rẹ̀ ti ẹnu ọ̀mùtí wá.

Àwọn kan dìde láti bá a jà. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí wọ́n ń pè ní Johnson Mímọ́, àti Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell, kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ọtí yìí ń ba ayé àwọn ènìyàn jẹ́, ó sì ń dí òwò gidi lọ́wọ́. Ní òdì kejì ẹ̀wẹ̀, Mary Kingsley, obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó wọ Gàbọ̀n ní 1895, tó dé sí Glass lọ́dọ̀ àwọn Hatton & Cookson, gbèjà àwọn oníṣòwò pé àsọdùn ni àwọn míṣọ́nnárì ń sọ. Ẹ ó rántí pé ọjà ilé iṣẹ́ yẹn ni òun náà gbé dání wọ inú igbó. Ẹni tó jẹ dòdò, kò lè sọ òdodo tán.

Ní 1890, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá pàdé ní Brussels, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kí ọtí líle má ṣe wọ ibi tí kò tíì dé ní Áfíríkà, kí wọ́n sì gbé owó-orí lé e níbi tó ti dé. Ní 1909, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí òwò ọtí ní gúúsù Nàìjíríà. Ìgbìmọ̀ náà ní àwọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń ba àwọn ènìyàn jẹ́ tó bí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti wí. Ogun 1914 ló gé ti Hamburg kúrò. Nígbà tó di 1919, ìwé àdéhùn Saint-Germain ka jíìnì olówó pọ́ọ́kú yìí léèwọ̀ pátápátá.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá. Bíṣọ́ọ̀bù kọ ìwé, oníṣòwò kọ ìwé, ìgbìmọ̀ kọ ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń mu ọtí náà, tó ń fi í san owó orí ìyàwó, tó ń fi í gba ọmọ wọn sílẹ̀ nínú ìwọ̀fà, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ ìwé kankan. Ìgò ni ìwé tiwọn. Bí mélòó ló wà ní agboolé ọba, mélòó ló wà ní ilé tálákà? Èwo ló pọ̀ jù, ti Dọ́ọ̀ṣì ni tàbí ti Jámánì? Ilẹ̀ nìkan ló lè sọ fún wa.

IBI TÍ ÌGÒ WÀ JU ÌGÒ LỌ

Èyí ló mú kí iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń wa ìgò fún ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Elmina ní etí òkun Gánà kí a lè rí i kedere. Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹfà, 1873, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé odi Elmina, wọ́n sì dáná sun ún. Wọn kò tún un kọ́ mọ́. Nígbà tí Christopher DeCorse, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wa ibẹ̀ láti 1985, ìgò, ìkòkò, àwo àti àfọ́kù oríṣiríṣi ló bá lábẹ́ ògiri tó wó. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà jáde ní 2001. Nítorí pé ó mọ ọjọ́ tí ògiri wó, gbogbo ìgò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ṣáájú ọjọ́ náà. Nítorí pé ó kọ iyàrá tó ti bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó ṣeé ṣe fún un láti mọ bí àwọn ará Elmina ṣe ń gbé. Ká ní oníṣòwò kan ti lọ hú àwọn ìgò yẹn ṣáájú, tó sì tò wọ́n sójú fèrèsé rẹ̀, ìgò á ṣì wà, ìtàn á ti lọ.

Àwa náà ti rí irú àdánù bẹ́ẹ̀ nílé. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn baba ńlá wa ti ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe dígí láti ìwọ̀n ọ̀rúndún kọkànlá, kí ìgò Òyìnbó kankan tó wọ ilẹ̀ wa. Leo Frobenius, ará Jámánì, wa ibẹ̀ ní 1910. Nígbà tí ọmọ wa, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, tún wa ibẹ̀ ní 2011 àti 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Ìwádìí rẹ̀ tó jáde ní 2017 fi hàn pé irú dígí Ifẹ̀ yàtọ̀, pé wọn kò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, àwọn ènìyàn ti wa igbó náà kiri torí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, wọ́n ti da erùpẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ọdún mélòó ni a fi gbàgbọ́ pé ọwọ́ àjèjì ni gbogbo dígí ti wá? Bí wọ́n bá ti ya ojú ewé inú ìwé, ẹni tó bá kọ́kọ́ pa irọ́ ló ni ìtàn.

ẸNI TÓ BÁ FẸ́ WA ILẸ̀

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹ́ràn ìgò. Ọmọ wa tó wà ní Libreville, tó ń kọ́lé tàbí tó ń gbẹ́ kòtò sọ́kẹ́wè, lè bá a pàdé láìwá a. Ará Èkó lè bá a pàdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ará Àgbádárìgì lè bá a pàdé létí ọ̀sà. Ẹ wo ohun tó yẹ kí ó ṣe.

Àkọ́kọ́, kí ó mọ òfin. Ní Nàìjíríà, òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ NCMM tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti wa ilẹ̀ fún ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ní Gàbọ̀n, kí ó béèrè lọ́wọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tó wà ní Libreville kí ó tó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀. Àlejò tó wa ilẹ̀ onílẹ̀ láìtọrọ àyè, ẹjọ́ ló ń wá.

Èkejì, kí ó yẹra fún ojú oórì àti ojúbọ. Ìgò tí wọ́n gbé ka orí sàréè, òkú ló ni ín.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá ti rí i, kí ó dáwọ́ dúró. Kí ó ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà. Kí ó wọn bó ṣe jìn tó láti orí ilẹ̀. Kí ó kọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìkòkò ni, ikarahun ni, èédú ni, eegun ni? Àfọ́kù tí kò jọ ohun kan lè ṣe pàtàkì ju odindi ìgò lọ. Kí ó kọ ọjọ́ àti àdúgbò, kí ó sì fi nọ́ńbà sí ìgò náà kí ó má baà gbàgbé.

Ẹ̀kẹrin, kí ó ṣọ́ra fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Dígí tó ti pẹ́ mú ju abẹ lọ, ó yẹ kí ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó nípọn wà. Kòtò jíjìn nínú yanrìn etí òkun lè wó pa ènìyàn ní ìṣẹ́jú kan. Ìgò tí ohun kan ṣì wà nínú rẹ̀, kí ó má ṣí i, kí ó má gbóòórùn rẹ̀. Kì í ṣe ọtí nìkan ni wọ́n ń rọ sínú ìgò láyé àtijọ́, májèlé náà wà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó má ṣe yára tà á. Àwọn tó ń rà á nílẹ̀ òkèèrè wà, wọ́n sì mọ iye tí wọn yóò tún un tà. Ìgò tó bá sì ti kúrò nílẹ̀ láìní àkọsílẹ̀ kò lè sọ mọ́ bóyá Glass ni wọ́n ti rí i ni, tàbí Suriname, nítorí pé irú ìgò Dọ́ọ̀ṣì kan náà kún ìsàlẹ̀ odò ibẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìṣubú ńlá ni ìran wa ṣubú ní etí òkun yìí, láti Libreville títí dé Èkó, ó sì pẹ́ tí a ti ń wo iwájú nìkan. Àwọn ará Glass sọ ní 1844 pé ọtí ni wọ́n fi tan ọba àwọn, Faransé kò sì gbọ́. Ìgò tó bá jáde ní àdúgbò yẹn lọ́la kò lè dá ilẹ̀ padà fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wú u bá ní ìwé àti gègé lọ́wọ́, ó kéré tán, ẹ̀rí yóò wọ inú ìwé, àwọn ọmọ wa yóò sì mọ ohun tí wọ́n dà sínú ife àwọn baba ńlá kí wọ́n tó gbé bíírò síwájú wọn.